Ta ló ti ṣe olùwádìí àlejò ní Birmingham rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yunifásítì Birmingham ti gbà mí ní olùwádìí àlejò fún oṣù mẹ́ta, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àwọn lẹ́tà tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rán wọn níṣẹ́, ni mo fẹ́ kà; ilé ìkàwé Cadbury tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn fi fóònù ya ojú ìwé, àbí pẹ́ńsù nìkan? Ìkọ̀wé ayé ijọ́un ṣòroó kà. Bí mo bá ní kí n máa dà á kọ, oṣù mẹ́ta ò ní tó nǹkan kan. Ilé ńkọ́? Wọ́n ní Selly Oak sún mọ́ ọgbà, àmọ́ ṣé onílé á gbà fún oṣù mẹ́ta péré? Ti òtútù ni mi ò béèrè, mo ti gba kámú.