Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tí ejò ṣán ní Ẹ̀pẹ́: ǹjẹ́ ejò lásán ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ní oṣù tí ó kọjá ni a sin ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni ọdún 29, tí ó ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní ẹ̀yìn Pókà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi yín kan ilé wọn.

Nígbà tí ó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ sí Lẹ́kí àti Ìkẹjà, ilẹ̀ ni òun lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó ní òun kò torí kí ọmọ òun lè padà wá di ọkọ́ mú ta ẹja rán an níwèé. Màlúù jẹ àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ tán. Ní ọdún kejì, ó wá igi ẹ̀gẹ́ TME 419, irú èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn IITA, àjọ tí ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, jáde, ó sì ń gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, nítorí pé báyìí ni hẹ́kítà kan ṣe ń gba ìdí 10,000. Okùn tí ó ta ní kókó ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn alágbàṣe ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Tíṣà Ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún kẹta, àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ti ń san owó sílẹ̀ fún un kí ó tó hú u. Ahun ni pẹ̀lú, kí n má purọ́ mọ́ òkú: sílípáàsì ni ó ń wọ̀ lọ sóko, ó ní owó bàtà rọ́bà tó ra ajílẹ̀.

Ní nǹkan bí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń kó igi ẹ̀gẹ́ jọ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán nígbà tí nǹkan ṣán an ní ọrùn ẹsẹ̀. Alágbàṣe tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ rí ejò dúdú kan tí ń wọ inú koríko lọ. Wọ́n fi okùn di orúnkún rẹ̀ pinpin, wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n gbé òkúta dúdú tí wọ́n ní ó ń fa oró jáde lé e, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan. Ẹsẹ̀ náà kò wú púpọ̀, èyí sì fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di aago 8, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò sì lè gbé itọ́ mì mọ́. Aago 9 ti kọjá kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó dì dáadáa, pé kí a máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú ni wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí ibòmíràn. Ojú ọ̀nà ni ó kú sí, kí aago 12 tó lù.

Ní ìdí fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ẹnìkan nínú ẹbí dìde, ó ní kì í ṣe ejò lásán, pé àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni ó rán an. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti pín sí méjì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ǹjẹ́ ejò tí kò mú ẹsẹ̀ wú, tí kò sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, lè pa géńdé ọkùnrin láàrin wákàtí mẹ́fà?

Èsì kìíní

Ọmọ mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tu ìyá rẹ̀ nínú. Mo ti lé ní 70 ọdún, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì gbé dàgbà. Nígbà tí a wà ní kékeré, a kì í pe ejò lórúkọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Okùn ni à ń pè é. N kò lè sọ pé ayé kò lè rán nǹkan síni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé òkúta dúdú kò ṣiṣẹ́, nítorí mo fi ojú mi rí ọkùnrin méjì tí ejò ṣán, tí wọ́n gbé òkúta náà lé, tí wọ́n sì padà sóko kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Bóyá ẹni tí ó lò ó kò mọ̀ ọ́n lò.

Èsì kejì

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ejò máa ń ṣán ènìyàn láì tu oró sí i lára rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yè bí a gbé òkúta lé e, yóò sì yè bí a kò gbé nǹkan kan lé e. Òkúta ni yóò gba ọpẹ́.

Ní ti ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè pa á, kò sì sí ohun ìyanu níbẹ̀. Oró ejò kì í ṣe oríṣi kan. Oró ọká àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń ba ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ojú ibẹ̀ yóò wú, yóò dúdú, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti èrìgì. Sèbé inú igbó tiwa yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ti ń rán ẹran ara níṣẹ́ ni oró tirẹ̀ ń dí. Ìpéǹpéjú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wálẹ̀, ahọ́n yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀fun, níkẹyìn àwọn iṣan tí a fi ń mí. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ni ó tẹ̀ lé ọ̀nà yìí ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. A máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò dígí tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, a ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láì mì í, bí kò bá dì, a mọ̀ pé oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó wúlò fún ọká. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí sèbé ṣán lè dì dáadáa nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ojú aláìsàn ni ó yẹ kí wọ́n wò.

Inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ẹṣin náà ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi mọ bí a ṣe ń bá a jà. Nítorí náà, irú ejò tí wọ́n gba oró rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà mọ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí aráyé pa tì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn sèbé, bí abẹ́rẹ́ kò bá sí, ẹni tí wọ́n bá ń ràn lọ́wọ́ láti mí, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú àpò rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀, lè pẹ́ láyé títí agbára oró náà yóò fi rọ̀. Wákàtí tí ó tó mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ẹ fi sílẹ̀ fún okùn, gbẹ́rẹ́ àti òkúta. Igi tí a fi di ẹsẹ̀ náà kí ó má mì, àti ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ tààrà, ni ó tọ́ sí i.

Èsì kẹta

Ìkòròdú ni mo ti ń dáko, ọ̀rọ̀ ejò àránṣe yìí nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Ẹni tí ó bá kó àgbàdo pa mọ́ sóko, eku yóò wá. Níbi tí eku bá ti pọ̀, ejò yóò wá. Ọ̀gán sì ni ilé tí sèbé fẹ́ràn, pàápàá ní ilẹ̀ tí ó sún mọ́ omi bí ti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ yín lọ kó igi lẹ́bàá ọ̀gán ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ rán? Èmi náà kì í wọ bàtà rọ́bà tẹ́lẹ̀, ooru rẹ̀ pọ̀. Mo ti ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka èsì nọ́ọ̀sì sí etí ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kò sọ nǹkan kan nípa ejò. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ kà, mo sì tún un kà.

Ẹ̀gẹ́ tí ó kù nínú ilẹ̀ yóò pé oṣù 12 láìpẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ti san owó sílẹ̀ sì ti ń béèrè. Àbúrò bàbá rẹ̀ yìí kan náà ni ó ránṣẹ́ wá pé òun yóò san owó àwọn alágbàṣe tí yóò hú u. Ìyá rẹ̀ ti gbà. Àwọn tí ó kù nínú ẹbí kò tíì gbà.