Iléṣà sí Ìkógòsì lórí kẹ̀kẹ́: kí ni ká gbé?

Akẹ́kẹ̀ẹ́rìn: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì ní Sátidé, ká sùn nínú àgọ́, ká padà lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí mọ́tò tó máa tẹ̀lé wa. Ọ̀kan nínú wọn ní òun máa gbé sítóòfù, ìkòkò àti ìrẹsì. Ṣé kí n gbà fún un?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ìrẹsì kẹ̀! Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ná, òkè á gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Gààrí, ẹ̀pà, ṣúgà. Omi ni kẹ́ ẹ gbé dáadáa, kẹ́ ẹ sì kúrò nílé kí oòrùn tó mú.

Ìyá Kẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yẹ bíréèkì wò. Bí ẹ bá ń bọ̀, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gùn, ó sì kún fún kọ́nà, tírélà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ má sáré o. Ẹ mú tíúbù dání. Fọganáísà ọ̀nà á lẹ èyí tó jò, àmọ́ wọn kì í sábà ní ti kẹ̀kẹ́ ní títà.

Akẹ́kẹ̀ẹ́rìn: Ẹ ṣé, mà. Àgọ́ ńkọ́?

Ìyá Kẹ̀kẹ́: Ẹ tọrọ àyè lẹ́nu géètì ibi ìsun omi náà kẹ́ ẹ tó pàgọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.