Lórí àbá ọ̀rọ̀ fún ẹ́ńjìnnì eré ìje: kí a tó pe sàlẹ́ńsà ní ọ̀pá èéfín

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a jọ ń jíròrò lórí èdè, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti ka àbá tí àbúrò wa láti Ṣágámù fi ránṣẹ́, nínú èyí tó ti to ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún eré ìje, pàápàá irú Yamaha Banshee tó jáde ní ọdún 1987, tó ní síńdà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 347 cc, tí wọ́n sì ń tà ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 2006. Mo tún ka èsì ẹ̀gbọ́n wa láti Ìperu, tí wọ́n ní kí a fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tó rán wa níṣẹ́. Èrò tèmi ni pé orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe wá, kì í ṣe inú ìtumọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àti pé níbi tí ọ̀rọ̀ ilé mẹkáníìkì bá ti ń ṣe ojúṣe rẹ̀ dáadáa, kí a jẹ́ kó máa ṣe é lọ. Nítorí èyí ni mi ò ṣe ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí písítìnì, síńdà tàbí kíráńkì. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n: písítìnì ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú síńdà, kíráńkì sì ni ọ̀pá tó ń bá a yí nísàlẹ̀.

Orúkọ ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ìrònú. Àbúrò wa pè é ní "ẹ̀rọ onígbésẹ̀ méjì", ìyẹn èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní two-stroke. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbé ìgbésẹ̀, àwọn olóṣèlú sì ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́ débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa retí ìlérí. Písítìnì kì í gbẹ́sẹ̀. Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀. Àwa tí a máa ń ṣàdúrà pé kí àlọ àti àbọ̀ arìnrìn-àjò dára kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún èyí. Àlọ kan àti àbọ̀ kan péré ni ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀kan ni iná ń sọ lórí písítìnì, nígbà tó jẹ́ pé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà òde òní gbọ́dọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí iná tó sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "alálọbọ̀ kan" fún ti àkọ́kọ́ àti "alálọbọ̀ méjì" fún èkejì. Mo mọ̀ pé ewu kan wà níbẹ̀: èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kà sí méjì ni a óò máa kà sí kan, èyí tí wọ́n kà sí mẹ́rin ni a óò máa kà sí méjì, ẹni tó ń ka èdè méjèèjì sì lè gbé ọ̀kan sípò èkejì. Síbẹ̀, mo rò pé kí a ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú síńdà sàn ju kí a ka ohun tí ẹlòmíràn ti kà sílẹ̀.

Ìyá wa kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ẹ̀rọ ìgégi ti ń ké látàárọ̀ dalẹ́, ní kí a kúkú pè é ní "ẹ́ńjìnnì elépo àpòpọ̀", nítorí pé ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, gbogbo ẹni tó bá sì ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ayé ń pè ní I better pass my neighbour yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ kò ká gbogbo wọn, torí pé àwọn alùpùpù alálọbọ̀ kan wà tí agolo ọ́ìlì wọn dá dúró, tí páǹpù ń gbé e fún ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì sì wà tí wọn kì í po nǹkan kan mọ́ epo rárá. Kí a fi í ṣe orúkọ ilé, kí "alálọbọ̀ kan" jẹ́ orúkọ ìwé.

Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sórí àwọn ihò tó wà lára síńdà. Àbúrò wa pè wọ́n ní "fèrèsé", ẹ̀gbọ́n wa ní "ihò" náà ti tó. Fèrèsé ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, bí fáfù ti jẹ́ ìlẹ̀kùn fún ẹ́ńjìnnì alálọbọ̀ méjì, ṣùgbọ́n àwọn ihò yìí kò ní ìlẹ̀kùn kankan. Písítìnì tó ń kọjá lára wọn ló ń bò wọ́n tó sì ń ṣí wọn. "Ojú" ni mo dábàá. Èyí tí èéfín ń gbà jáde yóò jẹ́ "ojú èéfín", èyí tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé láti kàbúrétọ̀, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pò pọ̀, yóò jẹ́ "ojú ìwọlé", àwọn tó ń gbé epo tuntun láti àpótí kíráńkì nísàlẹ̀ wá sórí písítìnì yóò sì jẹ́ "ojú ìgòkè". Tí a bá ti gba ojú, ọ̀rọ̀ mìíràn yóò tẹ̀ lé e láìsí wàhálà, nítorí pé ojú a máa là, a sì máa dijú. Gígùn àkókò tí ojú kan fi wà ní ṣíṣí ni "ìlajú" rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, pé wọn yóò máa bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tó pẹ́ lójú lílà ló mọ̀wé jù. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a fi rẹ́rìn-ín kì í tètè gbàgbé.

Dígírì ni wọ́n fi ń wọn ìlajú. Nínú dígírì 360 tí kíráńkì fi ń yí lẹ́ẹ̀kan, ojú èéfín ẹ́ńjìnnì eré ìje lè là fún nǹkan bíi 190 sí 200, ojú ìgòkè sì lè là fún nǹkan bíi 130. Bí a bá pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì, a óò rí i pé ojú èéfín ń fi nǹkan bíi dígírì 30 sí 35 ṣáájú ojú ìgòkè là, kí ipá èéfín lè ti rọlẹ̀ kí epo tuntun tó gòkè. "Ìṣáájú" tó fún èyí, a kò nílò ọ̀rọ̀ gígùn.

Ìlajú yìí náà ló jẹ́ kí n tako "àtúnṣe" tí àbúrò wa fi pe gbogbo iṣẹ́ náà, ìyẹn yíyí ẹ́ńjìnnì padà fún eré ìje, àti "ìmúdára" tí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ la ń tún ṣe, ẹ́ńjìnnì yìí kò sì bàjẹ́. Ní ti ìmúdára, kò jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ bá fi fáìlì gé etí òkè ojú èéfín sókè sí i, ìlajú yóò gùn, ẹ́ńjìnnì yóò lágbára sí i nígbà tó bá ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n yóò pàdánù nínú agbára tó ní nígbà tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun òkè oníyanrìn tí kò níí dẹwọ́ yóò dúpẹ́. Ẹni tó ń rìn láàárín igi yóò bú oníṣẹ́. Àwọn mẹkáníìkì wa ti ní ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí fún èyí: wọ́n ní ẹ́ńjìnnì "ń fà", tàbí pé "kò fà mọ́". Nítorí náà, mo pe iṣẹ́ náà ní "ìmúfà", mo sì pe ibi tí agbára pọ̀ sí láàárín yíyí díẹ̀díẹ̀ àti yíyí kíákíá ní "ibi ìfà". A lè sọ pé oníṣẹ́ gbé ibi ìfà lọ sókè, tàbí pé ó fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé àmì ohùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé babaláwo ló ń bá wa ṣe ẹ́ńjìnnì.

Wàyí o, "ọ̀pá èéfín". Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lára ẹ́ńjìnnì alálọbọ̀ méjì, ó lè ṣe é; èéfín kàn ń gba ibẹ̀ jáde ni. Lára alálọbọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún eré ìje, ọ̀pá náà rí tóóró níbi tó ti kúrò lára síńdà, ó ń fẹ̀ bọ̀ di ikùn ńlá, ó sì tún ń sọra di tóóró kó tó parí, ìdí kan sì wà fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ojú èéfín bá là, ipá èéfín gbígbóná yóò sáré wọ inú ọ̀pá bí ohùn ti ń sáré nínú afẹ́fẹ́. Níbi tí ọ̀pá ti ń fẹ̀, apá kan ipá náà yóò yí padà di agbára afàmọ́ra tí yóò padà wá sí síńdà, tí yóò fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, tí yóò sì bá wọn fa epo tuntun gòkè. Fífà náà a máa pọ̀ débi pé lára epo tuntun yóò bá èéfín sá jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ipá tó kù bá dé ibi tí ikùn ti tún ń tóóró, yóò dún padà gẹ́gẹ́ bíi gbohùngbohùn, yóò sì ti epo tó ti sá lọ náà padà sínú síńdà kí písítìnì tó pa ojú èéfín dé. Gígùn ọ̀pá, fífẹ̀ ikùn àti bí èéfín ti gbóná tó ló ń pinnu ìwọ̀n yíyí tí gbohùngbohùn náà yóò fi dé lásìkò, ìyẹn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá ìlajú mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà kò ní í fà níbi kankan.

Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí ìmọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó sì fi di ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí kò ju 125 cc lọ ti ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 25 jáde. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró wo ẹṣin àwọn ìdílé Balógun lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ fojú inú wo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú wọn lára ohun tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ kan.) Ọdún 1961 yẹn náà ni Ernst Degner, tó ń gun alùpùpù fún MZ, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn, tó gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki ní Japan, tó sì gba ipò kìíní àgbáyé fún wọn ní ìsọ̀rí 50 cc ní ọdún 1962. Kò sẹ́ni tí yóò tìtorí ọ̀pá tí èéfín lásán ń gbà jáde gbé irú ewu bẹ́ẹ̀.

"Sàlẹ́ńsà oníkùn" ni mo dábàá. Wọ́n ti bi mí pé ṣebí ohun tó ń dín ariwo kù ni sàlẹ́ńsà túmọ̀ sí ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ikùn yìí kò sì dín ariwo kankan kù. Bó ti rí ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ní Ìjẹ̀bú, sàlẹ́ńsà ni gbogbo ohun tó ń jó ẹsẹ̀ èrò ọ̀kadà láti ìdí síńdà títí dé ìparí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Apá kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀, tó ń dín ariwo kù, ni àbúrò wa pè ní "apariwo", ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dá a dúró, nítorí pé ẹni tó bá pariwo kò pa ariwo kankan rárá. "Adínariwokù" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ó ku epo. "Epo rírù" àti "epo ọlọ́rọ̀" tí àbá náà gbé wá fún lean àti rich, ìyẹn ìgbà tí epo kéré jù tàbí pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé "afẹ́fẹ́ borí" tàbí "epo borí". Púlọ́ọ̀gì tó funfun ń sọ ti àkọ́kọ́, èyí tó dúdú tó sì tutù ń sọ ti èkejì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, nítorí pé inú epo ni ọ́ìlì wà, fún àpẹẹrẹ ìwọ̀n epo 32 sí ọ́ìlì 1, tó fi jẹ́ pé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá borí, ooru ń pọ̀ sí i ní àkókò kan náà tí ọ́ìlì ń dín kù, písítìnì sì lè lu kí ẹni tó ń gun alùpùpù náà tó mọ̀.

Kí a tó kọ èyíkéyìí nínú wọn sínú àkọsílẹ̀ wa, mo bẹ ẹni tó bá súnmọ́ Ìwòpin kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ti ń pe ojú ìgòkè, kí ìyá wa sì bá wa bèèrè lọ́wọ́ àwọn agégi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju tèmi lọ, tiwọn ni kí a kọ.