Ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ fún bakitéríà inú ìtọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá gbin ìtọ̀ aláìsàn sórí agar (ohun bíi jẹ́lì tí a fi ń hu bakitéríà) lónìí, ó di ọ̀la kí bakitéríà E. coli tó hù, ó sì di ọ̀túnla kí a tó mọ̀ bóyá apá oògùn ciprofloxacin ká a. Mo fẹ́ dán ẹ̀rọ SPR (surface plasmon resonance) wò, èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n antibody (èròjà tí ń dì mọ́ bakitéríà) tó wà lórí wúrà náà ń mú òkú bakitéríà bí ó ti ń mú alààyè. Ṣé kí n fi bacteriophage (fáírọ́ọ̀sì tí ń kọlu bakitéríà) rọ́pò antibody náà, àbí kí n kúkú máa fi maikirosíkóòpù wo bí bakitéríà náà ṣe ń pín sí méjì nínú oògùn? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìtọ̀ gan-an ṣe é, kì í ṣe omi oníyọ̀ lásán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.