Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà float (irú bíi 31.5) méjì ṣe é fi wéra ní èdè kọ̀ǹpútà C?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Qsort, iṣẹ́ tí C ní fún títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ni mo fi ń to ìwọ̀n ìgbóná tí sensor ń kà. Nígbà míì sensor ò ní rí nǹkan kan kà, kóòdù á wá fi 0.0 pín 0.0, NaN (“Not a Number”, ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà) á sì jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú: 31.5 á jókòó ṣáájú 28.2, kọ̀ǹpútà ò sì ní ráhùn rárá. Tí y bá jẹ́ NaN, x < y, irọ́; x > y, irọ́; x == y náà, irọ́! Kódà NaN ò bá ara ẹ̀ dọ́gba. Irú nọ́ńbà wo nìyẹn?

Mo wá rí isunordered(x, y), tó ń sọ bóyá x tàbí y jẹ́ NaN, nínú math.h; ó ti wà láti C99 (ẹ̀dà C ti ọdún 1999). Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi tí mo bá fi -ffast-math (tó ń mú kí ìṣirò yá, àmọ́ tó ń gbà pé NaN ò ní sí) kún àṣẹ GCC, tó ń sọ kóòdù C di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe; ńṣe ló máa ń dà bíi pé n ò kọ àyẹ̀wò kankan síbẹ̀.

Ṣé kí n yọ -ffast-math kúrò ni, àbí kí n kàn fi -fno-finite-math-only, tó ń sọ fún GCC pé NaN lè wà, tẹ̀ lé e? Àwọn NaN ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn lẹ máa ń tò wọ́n sí, àbí ẹ máa ń ṣà wọ́n kúrò kí ẹ tó pe qsort?