Kọ́ìlì REBCO kọ̀, kò tutù ju 31 K lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mágínẹ́ẹ̀tì fusion (ti ẹ̀rọ tó ń pa átọ̀mù pọ̀ kó lè mú agbára wá), ẹ gbà mí. Kọ́ìlì ìdánwò wa, tí a fi REBCO ṣe (ohun tó ń gbé iná láìsí ìdènà tó bá tutù gan-an), tí a sì fi cryocooler (ẹ̀rọ amúǹkan-tutù) mú tutù, dúró sí 31 K (K ni kelvin, ìwọ̀n ooru àti òtútù). 20 K la fẹ́, a ò sì tíì tan iná sí i rárá. Orí cryocooler wà ní 12 K, nítorí náà ojú ọ̀nà bàbà tó so méjèèjì pọ̀ ni mò ń fura sí. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ti lọ sílẹ̀ dé 10⁻⁶ mbar, ọ̀rá dídán ìpele 30 sì wà lára ìbòrí 50 K tó ń dí ooru ìta. Mo tú ìsopọ̀ náà: indium (irin rírọ̀ tí a fi sáàárín kí ooru lè kọjá dáadáa) tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan, apá kejì ṣì ń dán bí ẹni pé nǹkan kan ò kàn án. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún bóòtù dì. 31 K náà ni.

Tí mo bá fi hítà 1 W sára kọ́ìlì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìsopọ̀ ló ń dí ooru lọ́nà, àbí ooru tó ń gba wáyà iná wọlé ló pọ̀ jù?