Ọ̀pá funfun mi ń gún mi níkùn: ṣé ọ̀pá ni àbí ọwọ́ mi?

Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọjẹ́:
Ẹ kú ilé o. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gilọ́kọ́mà ló gba ojú mi méjèèjì. Ẹnìkan fún mi ní ọ̀pá funfun, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ilé mi sí ìsọ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀pá bá ti há sí kòtò báyìí, á gún mi níkùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ mi ti wọ gọ́tà kí ọ̀pá tó mọ̀. Ọmọ mi ní kí n jókòó sílé. Kí n wá ṣe kí ni? Ọwọ́ tí mo fi ń pa sányán mọ̀ ṣì pé.

Ọmọ Challenge:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọ̀pá yẹn kúrú. Irú rẹ̀ wà kí aráyé lè mọ̀ pé ojú yín ò ríran ni, kì í ṣe fún ìrìn. Bí ẹ bá nàró, kí orí ọ̀pá kan egungun àyà yín. Ẹ dì í mú ní ọ̀gangan ìdodo, ọrùn ọwọ́ ni kó máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, kó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Ibi tó há mi lọ́wọ́ jù rèé: bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ, ọ̀tún ni kí ọ̀pá kàn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ń bọ̀ wá tẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gba apá kan náà, gọ́tà ni. (Mo ń kà á sókè lójú títì, "òsì, ọ̀tún", aláàkàrà àdúgbò wa rò pé orí mi ti dàrú.) Ẹ má dì í le o. Bó bá há, á yọ̀ láàárín ìka. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Richard Hoover gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn sójà tójú wọn fọ́.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé:
Ọmọdé yìí ò sọ ti òkè. Ọ̀pá kì í mọ òkè. Bọ́ọ̀tù Micra tó ṣí sílẹ̀, etí páànù ìsọ̀, iwájú orí mi ló mọ̀ wọ́n. Nínú ọjà, ẹ gbé apá kejì dábùú ojú. Bí òjò bá ń lu páànù tàbí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹ má sọdá títì. Etí náà ti fọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó má wọ́ yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ di ìgúnpá rẹ̀ mú, kó ṣáájú.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọjẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi ti fi okùn wọ̀n mí láti ilẹ̀ dé àyà, ó ṣì ń kùn. Igi ìnulẹ̀ ni mo fi ń dánra wò lágbàlá báyìí, òsì, ọ̀tún. Ó ti gbá adìẹ mẹ́ta.